Eku tí àwọn Lùkùmí fi ń rúbọ ní Kúbà: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa jutía

Àyánfẹ́_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá tó wà ní Kúbà, ti wà nínú mi láti oṣù kẹfà, mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀, bàbáláwo kan láti Matanzas ní Kúbà wọ̀ sí ilé ẹbí wa ní Ilé-Ifẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá bí a ṣe ń sọ ọ́, àwa náà kò gbọ́ èdè Sípéènì, ẹnì kan ló ń túmọ̀ láàrin wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó tú àpò rẹ̀, ó kó ọ̀rá kéékèèké mẹ́ta sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ekú. Eyá. Awadó." A kò nílò ògbufọ̀ mọ́. Bàbá àgbà ilé wa dìde lórí ìjókòó, ó pariwo, "Eku, ẹja, àgbàdo!" Omi bọ́ lójú mi. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá ọkùnrin yìí lọ.

A wá bi í pé irú eku wo ni ó lọ̀ sínú ọ̀rá yẹn. Ó gbé fóònù jáde. Ẹ̀yin ará, ohun tí mo rí kì í ṣe eku tí mo mọ̀. Ó tóbi ju ológbò lọ, irun rẹ̀ nípọn, orí ẹ̀ka igi ló jókòó sí. Jutía ni wọ́n ń kọ ọ́, "hutía" ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Ó ní irú èyí tó wà nínú àwòrán ṣì pọ̀ nígbó, ṣùgbọ́n àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà ní àwọn erékùṣù kéékèèké ń tán lọ, àwọn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò fojú kàn mọ́ láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé.

Mo bi í bóyá ẹbọ ló ń pa wọ́n tán. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìkòkò ọbẹ̀ ń pa wọ́n ju ẹbọ lọ."

Ẹni tó bá mọ ẹranko yìí nínú yín, ẹ bá wa là á yé ara wa.

Dókítà_Jídé

Àyánfẹ́, o káre. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Santa Clara nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Mo ti rí jutía lórí igi, mo sì ti rí i nínú ìkòkò.

Èyí tí bàbá yẹn fi hàn yín ni wọ́n ń pè ní jutía conga. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, ó lè wọn tó kílò 7. Ẹ má fi ojú òkété wò ó. Ó ń gun igi, ó ń jẹ ewé, èèpo igi àti èso, ìgbà mìíràn ó lè pa alángbá jẹ. Nítorí ewé tó ń jẹ, àpòlùkù rẹ̀ pín sí yàrá mẹ́ta. Ẹ lè bá a ní igbó òkè, ẹ lè bá a nínú igbó etí òkun, láàrin àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró nínú omi iyọ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn, irú èyí tí àwọn ará Ìlàjẹ mọ̀ dáadáa.

Òmíràn ni jutía carabalí. Ó kéré sí conga, orí igi ló ń gbé jù, ìrù rẹ̀ ló sì fi ń di ẹ̀ka mú. Andaraz tún wà ní ìhà ìlà oòrùn, lápá Holguín, Granma, Santiago àti Guantánamo. Ewu ti ń wu òun náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn gbọ́: conga, carabalí. Nígbà òwò ẹrú, Congo ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n kó láti agbègbè odò Kóńgò, Carabalí ni àwọn tó gba èbúté Calabar kọjá, Lucumí sì ni àwa. Orúkọ tí wọ́n fi pín àwọn ẹrú sí ọ̀wọ́ náà ni ẹranko inú igbó ń jẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé ẹ̀kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mi ò lè jẹun alẹ́.

Ṣáájú kí wọ́n tó kó ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ wa, àwọn Taíno tó ni ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Èdè wọn ni orúkọ jutía ti wá. Àwọn Taíno ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lórí erékùṣù yẹn, orúkọ ẹran wọn ló ṣẹ́kù sẹ́nu àwọn tó gba ilẹ̀ wọn.

Ọdẹ_Ṣakí

Ẹ kú àlàyé, Dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Eku kì í tán. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé bàbá mi lọ sí ìgbẹ́. Òkété tí à ń pa nígbà náà, òun náà là ń pa títí dòní. Ẹ wá wo ọjà Ṣakí, ẹ ó rí òkété yíyan níbẹ̀. Ẹ pa mẹ́wàá lónìí, ogún ti wà nínú ihò.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún máa rú ẹbọ wọn. Àwọn tó ń kéde pé ẹran ń tán, ó lè jẹ́ pé wọn ò kàn mọ ibi tí ó sá sí ni.

Olùkọ́_Báyọ̀

Bàbá Ọdẹ, mo júbà. Ẹ mọ ìgbẹ́ ju èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní báyọ́lọ́jì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ibi tí ó sá sí" yẹn gan-an ni mo fẹ́ dì mú.

Òkété ń lóyún fún bí oṣù kan, ó sì ń bímọ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún. Jutía conga ń lóyún fún bí oṣù mẹ́rin, ọmọ kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń bí. Ọmọ òkété a wà níhòòhò, ojú rẹ̀ a dì. Ọmọ jutía ti ní irun lára láti inú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó ń rìn káàkiri bí ọmọ ewúrẹ́. Ẹran tó ń bí bí ewúrẹ́, tí a sì ń pa á bí ẹni ń pa eku, kò lè bí tó bí a ṣe ń pa.

Nísinsìnyí, ibi sísá. Tí iná bá jó ìgbẹ́ Ṣakí, òkété lè forí lé ọ̀nà Kìṣí. Àwọn erékùṣù pẹlẹbẹ tó yí Kúbà ká, cayo ni wọ́n ń pè wọ́n, òkun ló yí wọn ká. Irú jutía kan lè wà lórí cayo kan ṣoṣo ní gbogbo ayé. Àwọn wọ̀nyí kéré gan-an sí conga, orúkọ ìdílé wọn nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ni Mesocapromys.

Ẹ gbọ́ ti Cayo Juan García, ní gúúsù Pinar del Río. Ní 1970 ni àwọn onímọ̀ Kúbà méjì, Luis Varona àti Orlando Garrido, fún jutía tó ń gbé ibẹ̀ lórúkọ: Mesocapromys sanfelipensis. Àwọn apẹja ń sọ̀ sí erékùṣù yẹn, wọ́n ń pa á jẹ, eku ilé sì bá wọn gba ibẹ̀ wọlé. 1978 ni wọ́n rí i kẹ́yìn. Ọdún 8 péré ló wà láàrin ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ tí a ti ń wá a. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, gbogbo wọn a dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ti Ciénaga de Zapata náà wà níbẹ̀, irà ńlá tó wà ní gúúsù Kúbà. Jutía tó kéré jù ló ń gbé ibẹ̀, Mesocapromys nanus. 1937 ni wọ́n rí i kẹ́yìn. Ní 1978 wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ tó jọ tirẹ̀, láti ìgbà náà kò tíì sí ẹni tó fojú kàn án.

Àwọn méjì tó ṣì wà láàyè nínú ìdílé yẹn, orí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n dúró lé. Ọ̀kan wà ní Cayo Fragoso, ní etíkun àríwá Villa Clara. Èkejì wà ní Cayos de Ana María, ní gúúsù Ciego de Ávila. 1979 ni Varona kan náà sọ ọ́ lórúkọ, ó fi orúkọ Ángel Cabrera, onímọ̀ ẹranko ará Sípéènì, dá a lọ́lá. Inú igi omi iyọ̀ ló ń gbé, igi wẹ́wẹ́ àti ewé ló fi ń kọ́ ilé sókè omi, wọ́n a sì jọ máa gbé e.

Ìjì Irma lu etíkun àríwá Kúbà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ? Ìjì kan péré, tí ó bá ya ibi tí kò yẹ kó yà, lè gbá irú ẹran kan lọ pátápátá.

Ìyánífá_Òṣogbo

Mo kí gbogbo yín. Olùkọ́, ẹ ṣeun, mi ò mọ èyí tí ẹ sọ nípa ọdún 8 yẹn, ó sì wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí eku fi wà nínú ẹbọ, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kà wá. Nínú Ifá, "eku méjì olùwéré, ẹja méjì abìwẹ̀gbàdà" ni à ń kọ́kọ́ dá lórúkọ kí a tó dé orí ẹyẹ àti ẹran. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni eku, ohun tó wà nínú omi ni ẹja. Ẹni tó fi méjèèjì rúbọ ti ké sí ilẹ̀, ó ti ké sí omi. Ọ̀nà yìí ni àwọn baba wa gbé dé Kúbà. Wọn ò rí òkété níbẹ̀, wọn ò rí ẹmọ́. Jutía ni wọ́n rí, wọ́n yan án, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì pè é ní eku. Òun ni wọ́n ń fún Ẹlẹ́gbá, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì títí dòní, pẹ̀lú ẹja yíyan àti àgbàdo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan rí, Ifá kò sì kọ̀ ọ́. Ìyẹ̀rosùn, lára igi ìrosùn ni à ń rí i ní ilé. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń fi iṣu ṣe tiwọn, yefá ni wọ́n ń pè é. Epo tiwọn, ara ọ̀pẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní corojo ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá ní "bí kò bá ṣe jutía yìí, ẹbọ ò dà" ti gbàgbé pé jutía fúnra rẹ̀, arọ́pò ni.

Ẹ̀yin mọ ìtàn òkété: ó bá Ifá mulẹ̀, ó sì da Ifá, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé, "Òkété, báyìí nìwà rẹ." Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ní ìran tiwa, ọmọ Ifá ni yóò da eku.

Ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ ará Matanzas yẹn gbọ́. Ìwọ̀nba tí a lè fi ìka méjì bù ni a fi ń rúbọ. Jutía kan ṣoṣo tí a bá yan tí a sì lọ̀ yóò tó ilé kan lò fún ìgbà pípẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ kì í yó.

Tólú_Miami

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń gbé láàrin àwọn ọmọ Kúbà níbí. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò òrìṣà, botánica ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹ ó rí ọ̀rá lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n kọ "jutía" sí lára. Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà òwò mọ́ Kúbà láti 1962, síbẹ̀ orí pẹpẹ kún. Ìyá àgbà tó ń tọ́ mi sọ́nà nínú Ocha, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará Kúbà, kì í ra èyíkéyìí níbẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé ohun tí òun ò mọ orísun rẹ̀ síwájú Ẹlẹ́gbá. Ẹja gbígbẹ àti àgbàdo sísun ló ń lò, á fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún òrìṣà ìdí tí eku kò fi sí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí Olùkọ́ bá wa tú. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ti ṣe ṣọ́jà rí ní ibùdó ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Guantánamo. Ó ní jutía pọ̀ níbẹ̀ bí ìgbẹ́. Eku ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà ń pè é nítorí pé ìgbẹ́ rẹ̀ rí kọdọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré. Ó ń jẹ òdòdó wọn, ó ń gé wáyà, àwọn aláṣẹ ibùdó ló ń pa á kù.

Ọdẹ_Ṣakí

Àbí ẹ rí i! Ohun tí mo wí kọ́ ni Tólú ń sọ yìí? Ní erékùṣù kan náà, ẹ ní ó ń tán, ó tún pọ̀ débi pé wọ́n ń pa á kù.

Dókítà_Jídé

Bàbá Ọdẹ, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Conga ni èyí tó wà ní Guantánamo, kì í ṣe àwọn kéékèèké orí cayo. Ẹ tún wo ohun tó mú kó pọ̀ níbẹ̀: odi wáyà yí ibùdó náà ká, ọdẹ Kúbà kan ò lè gbé ajá wọ ibẹ̀, àwọn ṣọ́jà ò sì jẹ ẹ́. Lẹ́yìn wáyà yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ kejì, igbó kan náà, òjò kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ó rìn títí kí ẹ tó rí i. Tí mo bá fẹ́ fi hàn ẹnikẹ́ni pé ọdẹ ló ń pa á kù, Guantánamo ni mo máa fi ṣe ẹ̀rí.

Ẹ sì má rò pé mò ń bú àwọn tó ń pa á. Nígbà tí Soviet Union tú ká ní 1991, ìyà jẹ Kúbà. Epo bẹntiróò wọ́n, búrẹ́dì wọ́n, ẹran di ohun àlá. Período Especial ni wọ́n ń pe ìgbà yẹn. Ìyá onílé mi ní Santa Clara sọ fún mi pé ọkọ òun kò dọdẹ rí, ṣùgbọ́n ó yá ajá lọ́wọ́ aládùúgbò, ó wọ igbó lálẹ́ pẹ̀lú iná àti àdá, jutía méjì ló gbé bọ̀. Ìyá náà ń sọ ọ́, ó ń sunkún. Àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ló jẹun lóru ọjọ́ yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀?

Òfin wà. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni pa jutía láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n sọ Ciénaga de Zapata àti Cayos de San Felipe di ọgbà ìjọba. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wa ọkọ̀ ojú omi lọ ṣọ́ gbogbo cayo lóru?

Bùkọ́lá_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀gbọ́n Jídé, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mi fún Olùkọ́: kí ló dé tí wọn ò kàn kó àwọn tó ṣẹ́kù ní Cayo Fragoso lọ sí erékùṣù mìíràn tí kò ní ènìyàn? Tí ìjì bá gba ọ̀kan, èkejì á ṣẹ́kù. Ó dà bí ẹni pé ìyẹn ló rọrùn jù lọ.

Olùkọ́_Báyọ̀

Bùkọ́lá, ìbéèrè gidi lo béèrè. Wọ́n ti ṣe é rí ní Bàhámà, ìtàn náà sì ní adùn, ó ní ìkorò.

Jutía Bàhámà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán. Ní 1966 ni Garrett Clough, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bá wọn ní East Plana Cay, erékùṣù tí ènìyàn ò gbé. Inú gbogbo ayé dùn. Ní 1973 wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Little Wax Cay, nínú ọgbà ìjọba Exuma, kí ohun tó lè gba East Plana má baà gba gbogbo wọn. Kò sí ológbò níbẹ̀, kò sí ajá, kò sí ọdẹ. Wọ́n bí sí i, wọ́n tún bí sí i. Nígbà tó yá, wọ́n ti jẹ àwọn igi kan tán lórí erékùṣù náà, ewéko ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tó ń gbé lórí igi wọ̀nyẹn, kí ni yóò jẹ?

Mi ò sọ pé kí wọ́n má kó wọn. Mo ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka igi, kí wọ́n tó ka ẹran.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti pẹ́ jù. Little Swan, erékùṣù kékeré tó jẹ́ ti Honduras, ní ìbátan jutía tirẹ̀. Ìjì ńlá lù ú ní 1955. Wọ́n tún gbé ológbò dé ibẹ̀. Kò ku ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó ti kó méjì pamọ́ síbì kan.

Nígbà tí a bá ń ka ọ̀tá wọn, ẹ má gbàgbé eku ilé. Inú ọkọ̀ àwọn òyìnbó ni eku dúdú yìí gbà dé ọ̀pọ̀ erékùṣù ayé. Ó ń bí kíákíá, ó ń bá jutía kékeré du oúnjẹ. Ológbò tí apẹja gbé wá kí ó bá a pa eku ilé, jutía ni yóò kọ́kọ́ pa, nítorí òun ni kò mọ ìsá.

Dókítà_Jídé

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní ọdún tó kẹ́yìn mi níbẹ̀, a lọ sí Caibarién, ìlú apẹja tó kọjú sí Cayo Fragoso. Bàbá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ní etí omi fi orí tọ́ka sí ìlà dúdú tó wà lókèèrè. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, tí afẹ́fẹ́ bá dí àwọn mọ́ erékùṣù yẹn, jutía kéékèèké làwọn ń jẹ, àwọn a kàn gbọn ilé wọn lórí igi, wọ́n á bọ́ sínú omi. Mo bi í pé ìgbà wo ló jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Kò dáhùn tààrà. Ó ní ọmọ òun ti wà lórí òkun fún ogún ọdún, kò tíì rí ilé jutía kan láti fi han òun.

Ọdẹ_Ṣakí

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Mo sọ pé eku kì í tán, òkété ni mo ní lọ́kàn. Èyí tó ń kọ́lé sórí igi, tí wọ́n gbọn ilé rẹ̀ sínú omi, ìyẹn kì í ṣe ọdẹ. Bàbá mi kò ní jẹ́ kí a pa abo tí ikùn rẹ̀ rọ̀, kò sì ní jẹ́ kí a jó ihò tí a bá gbọ́ ohùn ọmọ nínú rẹ̀. Lónìí àwọn ọmọdé ń da oògùn apakòkòrò sí ìdẹ, wọ́n ń kó ohun tó bá kú. Ẹran yẹn ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Mo ti bá wọn jà títí, ẹnu mi ò ká wọn.

Mo fẹ́ mọ̀: ṣé wọn kì í sìn ín ni? Ọ̀yà tó le tó ọ̀yà, àwọn ènìyàn ń sìn ín ní ilé báyìí.

Dókítà_Jídé

Wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀, bàbá. Ní 2019, Guillermo García Frías, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Fidel Castro jagun ní òkè Sierra Maestra, jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí wọ́n máa sin jutía, ọ̀ni àti ògòǹgò fún ẹran jíjẹ. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹran màlúù ni ọkàn wọn ń fẹ́, ebi sì ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ti jutía, mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ. Conga ń gba ìsìn dáadáa, kò ní oró. Oṣù mẹ́rin tí ó fi ń lóyún nìkan ló ń mú un falẹ̀.

Ìyánífá_Òṣogbo

Àyánfẹ́, jọ̀wọ́ bá mi fi ìwọ̀nyí ránṣẹ́ sí bàbáláwo yẹn. Ìkíní: tí ilé òrìṣà bá fẹ́ ra eku, kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti pa á, kí wọ́n má ra ohunkóhun tó bá ti orí cayo wá. Ìkejì: ṣé àwọn ilé Ifá ní Matanzas lè jùmọ̀ sin conga díẹ̀ fún ẹbọ nìkan? Èyí tí a bọ́ lọ́wọ́ ara wa, tí a mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ojú rere ni Ẹlẹ́gbá yóò fi wò ó.

Àyánfẹ́_Ìṣẹ́yìn

Ìyá, mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Ó dá mi lóhùn láàárọ̀ yìí, ẹni tó bá a túmọ̀ sì ti bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní kí n kí yín. Ó ní nínú ilé tirẹ̀, jutía kan ṣoṣo ni wọ́n lò ní gbogbo ọdún tó kọjá, wọ́n sì mọ ọkùnrin tó tà á fún wọn, conga ni, láti orí òkè ni. Ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ ìsìn síwájú àwọn àgbà ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí jutía yóò jẹ ni ìṣòro, nítorí ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yóò jẹ kò tíì tó. Ewé igi ni ó ronú kàn, pé ewé kì í wọ́n.

Lẹ́yìn náà ó bi wá ní ìbéèrè. Ó ní, "Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, mo rí òkété lọ́jà, mi ò rí igbó. Ọkọ̀ rìn láti Èkó dé Ilé-Ifẹ̀, ilé àti oko ni mò ń rí. Eku tiyín, níbo ló ń gbé?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ta ni yóò bá mi dá a lóhùn?

Ọdẹ_Ṣakí

Jẹ́ kí èmi dá a lóhùn. Sọ fún un pé etí oko ni òkété tiwa ń gbé báyìí, ìdí nìyẹn tó ṣì fi pọ̀, ó ń jẹ iṣu àti ẹ̀gẹ́ wa. Ẹran tí kò lè gbé etí oko ti lọ. Mi ò tíì rí ìmàdò láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì ti gbéyàwó. Ọ̀yà tí mo pa lọ́dún yìí kò pé márùn-ún.

Kí o tún bi í bí àgò tí wọ́n fi ń sin jutía ṣe ga tó, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ orí igi ló fẹ́ràn, àti irú ewé tó kọ́kọ́ ń mú. Mo ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọ̀yà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe é rí ni kí ó kọ́ mi.